Etí ewé Calathea mi ń gbẹ: ọyẹ́ ni àbí nǹkan mìíràn?

Ọmọ_Òwé · 11 oṣù Kìíní

Okun o, gbogbo ilé. Kàbà ni mò ń gbé, nínú yàrá méjì tí fèrèsé pálọ̀ rẹ̀ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Mo ní òdòdó inú ilé kan, Calathea orbifolia, èyí tí ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àwo tó sì ní ìlà fàdákà. Mo tún ní Maranta kan àti fern kan tí wọ́n ń pè ní Boston. Abùjá ni mo ti kó wọn wá ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀, wọ́n ń dán bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró pa lára.

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti wọlé ni ojú ti ń tì mí tí àlejò bá dé. Calathea ló burú jù. Etí ewé ti gbẹ, ó ń rún bí èèpo ẹ̀pà tí mo bá fọwọ́ kàn án. Àwọn kan ká bí ẹní. Fern ń da ewé sílẹ̀ débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń gbálẹ̀ lójúmọ́. Maranta nìkan ló ṣì ń gbìyànjú.

Ọjọ́ méjì méjì ni mò ń bomi rin wọn, omi bọ́hòlù, mo sì ń fọ́n omi sí wọn lára láràárọ̀. Ṣé ọyẹ́ ni, àbí èmi gan-an ni mò ń pa wọ́n?

Ará_Ìsánlú · 11 oṣù Kìíní

Ọyẹ́ ni jàre. Ètè èmi tí mo ń fi òrí pa ti là, kí ni ti ewé. Fi wọ́n sílẹ̀ di oṣù Kẹta.

Àgbẹ̀_Ìjùmú · 11 oṣù Kìíní

Àbúrò, má tíì dá ọyẹ́ lẹ́bi. Ọyẹ́ lè wà nínú ọ̀ràn yìí, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ti rí etí ewé tó gbẹ lóṣù Kìíní, ọyẹ́ lòun náà máa pè, á sì fọwọ́ lẹ́rán títí ewé á fi tán. Ibi tó ti gbẹ, ọjọ́ orí ewé tó gbẹ, àti bí ó ṣe gbẹ, àwọn ni mo fẹ́ gbọ́.

Ewé wo ló kọ́kọ́ gbẹ, ti ìsàlẹ̀ tó dàgbà ni àbí èyí tó ń yọ lọ́wọ́? Ṣóńṣó ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ni àbí àárín? Apá tó kọjú sí fèrèsé yàtọ̀ sí apá kejì? Ìkòkò ní ihò lábẹ́? Nǹkan funfun wà lórí iyẹ̀pẹ̀? Kí o sì yí ewé padà, kí o wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò tíì wo abẹ́ ewé wọn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á.

Ọmọ_Òwé · 11 oṣù Kìíní

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo fi iná fóònù wò wọ́n.

Àwọn ewé ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ gbẹ. Ṣóńṣó ló ṣáájú, ó wá tàn lọ sí etí. Èyí tó ń yọ lọ́wọ́ kò gbẹ, ṣùgbọ́n ó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, nígbà tó fẹ́ tú, ó ya. Ìkòkò Calathea ní ihò mẹ́ta. Nǹkan funfun wà lórí iyẹ̀pẹ̀ lóòótọ́, mo rò pé ó bu ni. Àwọn ewé méjì tó sún mọ́ fèrèsé ní ojú kan tó ṣí bí ibi tí omi gbígbóná dà sí, àmọ́ kò tíì tóbi sí i láti ọdún Kérésì.

Ohun kan ṣì wà tí mi ò mọ bí mo ṣe máa pè é. Àwọ̀ ewé náà ti ṣá. Ìlà fàdákà yẹn kò hàn mọ́, ó dà bí ẹni pé eruku bò ó. Mo nù ún, kò kúrò.

Mọ̀pà_Òkè · 11 oṣù Kìíní

Da ọ̀tapíapíà díẹ̀ sínú omi, fọ́n ọn sí i lẹ́ẹ̀kan, ti ilẹ̀kùn. Ohun yòówù tó wà níbẹ̀ á kú.

Ìyá_Olódòdó · 11 oṣù Kìíní

Ẹni tó ń sùn nínú yàrá náà ńkọ́, kí òun náà kú? Mọ̀pà, ẹ̀mí èèyàn wà nínú ilé yẹn o. Nítorí májèlé yẹn ni NAFDAC fi fòfin de igo kékeré rẹ̀ ní 2019, ìwọ ń sọ pé kí ọmọ ọlọ́mọ fọ́n ọn sí inú pálọ̀. Má dán an wò, ọmọ mi.

Mọ̀pà_Òkè · 12 oṣù Kìíní

Ẹ má bínú, ìyá wa. Ẹ̀wà inú àpò ni mo máa ń lò ó fún.

Ìyá_Olódòdó · 12 oṣù Kìíní

Ìyẹn gan-an tún burú ju ti òdòdó lọ! Ẹ̀wà tí wàá jẹ? Jọ̀ọ́, pe àwọn ará ilé rẹ kí o sọ fún wọn.

Ọmọ Òwé, jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa igi rẹ yìí. Ògìdì ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ewé eéran tí a fi ń pọ́n ẹ̀kọ tí a sì fi ń se mọ́ínmọ́ín, ẹbí kan náà lòun àti Calathea pẹ̀lú Maranta rẹ. Bí o bá ń jiyàn, wo igi ewé wọn lókè, níbi tó ti so mọ́ ewé: oríkèé kan wà níbẹ̀ tó wú díẹ̀. Oríkèé yẹn ni Maranta rẹ fi ń ká ewé rẹ̀ sókè lálẹ́ bí ẹni tó ń gbàdúrà. Ewé eéran náà ní in.

Abẹ́ igi ńlá, lẹ́bàá odò, ni a ti ń já a, níbi tí oòrùn kì í ti í rí ojú ilẹ̀. Tí ìyá mi bá já a lóṣù Kejìlá, aṣọ tútù ló fi ń wé e kó tó gbé e rù, torí bí atẹ́gùn ọyẹ́ bá fẹ́ lù ú lójú ọ̀nà, yóò ti ká kí a tó dé ilé, ẹni tó fẹ́ pọ́n ẹ̀kọ kò sì ní í rà á mọ́. Ewé kíká yẹn, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni tàbí òùngbẹ. Ìyẹn kò le. Èyí tí mi ò mọ̀ ni àwọ̀ ṣíṣá tí o sọ. Ewé eéran kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nínú igbó.

(Èso pupa tó ń so ní ìdí rẹ̀, ohun tó bo kóró rẹ̀ ni àwa ọmọdé máa ń lá. Ọsàn tó kan jù lọ ni o máa jẹ tẹ̀lé e, á dùn bí oyin. Mo rántí rẹ̀ lásán ni.)

Àgbẹ̀_Ìjùmú · 12 oṣù Kìíní

Ìyá wa ti tú ìdajì ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ó dá mi lójú pé ohun tó ń ṣe igi yìí ju ẹyọ kan lọ.

Ojú tó ṣí lórí ewé méjì tó wà lẹ́bàá fèrèsé, oòrùn ọ̀sán ló jó o. Fèrèsé ìwọ̀-oòrùn ni, nínú ọyẹ́ kò sí ìkùukùu tó máa dí i. Àmì pé oòrùn ni ni pé kò tóbi sí i, kò sì sí lára ewé tó wà lẹ́yìn. Sún un sẹ́yìn tàbí kí o ta aṣọ fẹ́lẹ́ sí fèrèsé. Ó parí.

Ewé tó ń yọ tó lẹ̀ tó sì ya, afẹ́fẹ́ gbígbẹ nìyẹn. Ọyẹ́ jẹ̀bi níbẹ̀.

Ṣóńṣó ewé àgbà tó gbẹ pẹ̀lú nǹkan funfun orí iyẹ̀pẹ̀: kì í ṣe pé iyẹ̀pẹ̀ bu. Ohun tó bu á rí bí òwú, á sì rọ̀. Fi èékánná họ ọ́. Bó bá le bí ẹfun, iyọ̀ inú omi rẹ ni. Igi ń fa omi náà mu, omi á jáde lójú ewé, iyọ̀ á kù sẹ́yìn, á máa kóra jọ sí ibi tí omi ń parí ìrìn rẹ̀ sí, ìyẹn ṣóńṣó àti etí. Ewé ìsàlẹ̀ ti pẹ́ jù lórí igi, òun ló ti gba iyọ̀ jù, òun ló sì kọ́kọ́ gbẹ. Bó bá jẹ́ ọyẹ́ nìkan ni, àtèwe àtàgbà ewé ni ì bá gbẹ pọ̀.

Ó wá ku àwọ̀ tó ṣá tí kò ṣeé nù. Ìyẹn kò fi oorun jì mí lálẹ́ àná. Mú bébà funfun, gbé e sí abẹ́ ewé, fi ìka gbá ewé náà nígbà mẹ́ta. Dúró, kí o ka ení dé ogún. Wo bébà náà.

Ará_Lọ́kọ́jà · 12 oṣù Kìíní

Kí bébà tó dé, jẹ́ kí n sọ ti omi fífọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró. Mo ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Lọ́kọ́jà níbí, lọ́sàn-án àná, ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún ló kà. Mo fọ́n omi sí àwọn igi mi títí tó fi ń kán, ó gòkè dé 40, kí n tó jókòó tán ó ti padà sí 19. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Ìyá_Olódòdó · 12 oṣù Kìíní

Èmi ń fọ́n tèmi láti ọdún gbọọrọ, wọn ò kú.

Ará_Lọ́kọ́jà · 12 oṣù Kìíní

Mi ò sọ pé ó ń pa wọ́n, mà. Mo ní kò kún ohun tí wọ́n ń wá. Ibo lẹ gbé tiyín sí?

Ìyá_Olódòdó · 12 oṣù Kìíní

Ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ igi máńgòrò, gbogbo wọn wà pọ̀, ìkòkò omi ńlá méjì sì wà láàárín wọn.

Ará_Lọ́kọ́jà · 12 oṣù Kìíní

Ẹ ò rí i báyìí! Ìbòòji, ìkòkò omi, àti ewé tó pọ̀ tó ń mí sí ara wọn, àwọn ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ kàn ń fi omi fífọ́n kí wọn ni.

Yàrá_Àyẹ̀wò · 12 oṣù Kìíní

Ẹ̀gbẹ̀ ni mo wà. Àyẹ̀wò omi wà lára iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n dá sí ti iyọ̀. Orí àpáta ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wa jókòó lé. Inú pàlàpálá àpáta ni omi bọ́hòlù ń gbà, bó ṣe ń pẹ́ níbẹ̀ ló ń yọ́ lára àpáta náà. Ọmọ Òwé, wo inú kẹ́tùrù rẹ. Bí ẹfun bá lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ohun kan náà ni ò ń bu sínú ìkòkò òdòdó láti oṣù Kẹjọ.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé kó sè é: sísè máa ń jẹ́ kí díẹ̀ nínú ẹfun yẹn lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò, ṣùgbọ́n ìyókù wà níbẹ̀, omi tó ń fà gbẹ á sì jẹ́ kí ó nípọn sí i. Ẹni tó ń lo omi ẹ̀rọ ìjọba lè gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì kí chlorine, oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi, fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n fluoride, èròjà mìíràn tó lè wà nínú omi, kì í fẹ́ lọ, irú Calathea yìí ò sì fẹ́ràn rẹ̀. Omi òjò ló dára jù. Píọ̀ wọ́tà ò dá mi lójú, torí omi bọ́hòlù tí wọ́n kàn sẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Omi tó ń kán lẹ́yìn AC náà dára.

Ará_Ìsánlú · 12 oṣù Kìíní

Nínú ọyẹ́ yìí? AC fúnra rẹ̀ ń wá omi tó máa mu. Nẹ́pà ńkọ́?

Ọmọ_Òwé · 12 oṣù Kìíní, alẹ́

Mo ti họ nǹkan funfun yẹn, ó le bí ẹfun. Kẹ́tùrù mi, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ.

Mo wá gbá ewé sórí bébà. Mo rí eruku pupa rúsúrúsú díẹ̀, inú mi dùn, mo fẹ́ wá sọ fún yín pé eruku lásán ni. Mo ka ogún bí ẹ̀gbọ́n ṣe ní kí n kà á. Eruku náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ara mi ń yún mi láti ìrọ̀lẹ́.

Àgbẹ̀_Ìjùmú · 12 oṣù Kìíní, alẹ́

Òun ni mò ń fura sí. Spider mite ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, ẹsẹ̀ 8 ló ní, mọ̀lẹ́bí aláǹtakùn àti eégbọn ni, kò sì tó ìdajì mìlímítà kan. Abẹ́ ewé ló ń gbé. Ó ń fi ẹnu gún ewé, ó ń fa ohun inú rẹ̀ mu, gbogbo ibi tó gún á funfun tóótòòtó bí ẹni pé wọ́n bu iyọ̀ sí ewé. Tí ó bá ti tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú, ìwọ á rò pé eruku ni. Tún fi iná wo oríkèé tí ìyá wa sọ̀rọ̀ rẹ̀, wàá rí okùn aláǹtakùn tó tín-ín-rín níbẹ̀.

Ibi gbígbóná tó gbẹ tó sì léruku ló fẹ́ràn. Nínú ooru, bí ọ̀sẹ̀ kan ni ẹyin rẹ̀ fi ń di àgbà. Nítorí náà bí o bá jókòó ti ọyẹ́ di oṣù Kẹta, igi kò ní í bá ọ débẹ̀.

Ohun tí o máa ṣe: mú Calathea kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù lálẹ́ yìí. Fi ọ̀rá bo ojú ìkòkò kí iyẹ̀pẹ̀ má dànù, gbé e lọ sí balùwẹ̀, fi omi fọ abẹ́ gbogbo ewé, ewé kọ̀ọ̀kan, kí omi náà ní agbára díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọṣẹ olómi tí kò le, ṣíbí tíì kan sínú omi lítà kan, fọ́n ọn sí abẹ́ ewé títí á fi rin gbingbin. Ara kòkòrò náà ló gbọ́dọ̀ kàn. Èyí tí kò bá kàn kò ní í kú. Dán an wò lára ewé kan ní ọjọ́ kan ṣáájú. Ọṣẹ kì í pa ẹyin, torí náà tún un ṣe ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ibí ni gbogbo èèyàn ti ń kùnà. Wọ́n á ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ewé á dán, wọ́n á ní ó tán.

Mọ̀pà_Òkè · 13 oṣù Kìíní

Ṣé ọṣẹ dúdú ò lè ṣe é? Ìyẹn ò ní májèlé. (Mo ti da ẹ̀wà yẹn nù, ìyá wa.)

Àgbẹ̀_Ìjùmú · 13 oṣù Kìíní

Eérú ni wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú, ó lè jó ewé tó fẹ́lẹ́ báyìí. Òróró dogoyárò dára, pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ nìkan, má jẹ̀ẹ́ kí oòrùn bá a lójú ewé. Kí ẹ sì má bu eérú sí ìdí rẹ̀ bí ẹ ti ń ṣe fún ẹ̀fọ́. Kò bá irú igi yìí lára mu.

Yàrá_Àyẹ̀wò · 13 oṣù Kìíní

Ti iyọ̀: bí o bá ti rí omi tó dára, họ funfun orí iyẹ̀pẹ̀ dànù, kí o wá da omi gba inú ìkòkò kọjá díẹ̀díẹ̀, tó ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin ìkòkò náà, kó máa jò lábẹ́ kó sì lọ. Má fi ajílẹ̀ kankan sí i títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ewé. Ajílẹ̀ náà iyọ̀ ni.

Ọmọ_Òwé · 3 oṣù Kejì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì, bébà ṣì ń rìn. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo ka ogún, mo ka ọgọ́rùn-ún, kò sí nǹkan kan. Ọ̀rẹ́ mi kan ní omi òjò nínú táǹkì láti oṣù Kẹwàá, ó fún mi ní kéègì méjì. Balùwẹ̀ ni Calathea àti Maranta ń gbé báyìí, fèrèsé kékeré wà níbẹ̀.

Mo ní láti jẹ́wọ́ ohun kan. Fern ti kú. Ẹ̀gbọ́n béèrè nípa ihò, mo dáhùn ti Calathea nìkan. Ìkòkò fern náà ní ihò, ṣùgbọ́n inú ìkòkò aláwọ̀ mèremère mìíràn ni mo gbé e sí, ìyẹn ò ní ihò rárá. Nígbà tí mo fà á yọ, omi dé ìdajì, gbòǹgbò ti dúdú, ó rọ̀, ó ń rùn. Ewé ń gbẹ lókè, mo rò pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, mò ń bu omi lé omi.

Ìyá_Olódòdó · 3 oṣù Kejì

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Gbòǹgbò tó ti jẹrà kò lè fa omi, ìdí nìyẹn tó fi ṣe bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Fi ìka ti iyẹ̀pẹ̀ dé oríkèé kejì kí o tó bomi rin nǹkan kan mọ́. Fi ti ọjọ́ méjì méjì sílẹ̀, igi ò mọ kàlẹ́ńdà.

Ọmọ_Òwé · 3 oṣù Kejì

Ẹ ṣé, mà. Ìbéèrè kan: etí ewé tó ti gbẹ, ṣé yóò tún tutù?

Àgbẹ̀_Ìjùmú · 3 oṣù Kejì

Rárá. Èyí tó ti kú ti kú, ojú tó ṣá pàápàá kò ní í padà. Bí kò bá wù ọ́ lójú, fi sísọ́ọ̀sì tó mọ́ gé e bí ìrísí ewé ṣe rí, fi fọ́nrán gbígbẹ díẹ̀ sílẹ̀, má gé wọ inú ibi tútù. Má gé gbogbo ewé tán o, òun ló ń fi wọ́n jẹun. Ewé tó bá yọ lẹ́yìn èyí ni kí o máa wò.

Ọmọ_Òwé · 29 oṣù Kẹta

Òjò kejì rọ̀ ní Kàbà lánàá. Mo gbé gbogbo ike inú ilé síta, títí dé àwo amọ̀. Ewé méjì ti yọ lára Calathea, wọ́n tú láì ya, ìlà fàdákà wọn hàn ketekete. Ewé àtijọ́ mẹ́ta ni mo gé. Mo ṣì ń fi bébà wò ó ní ọjọ́ Sátidé.

Ìyá_Olódòdó · 29 oṣù Kẹta

Mo yọ̀ fún ọ. Tó bá di pé o fẹ́ pààrọ̀ ìkòkò rẹ̀, pín in láti ìdí, kí gbòǹgbò wà lára apá kọ̀ọ̀kan, kí o fi apá kan ránṣẹ́ sí mi. Má gé ewé lásán wá, kò ní í hù. Èmi á fi ewé eéran ránṣẹ́ sí ọ láti Ògìdì, kí ẹbí lè mọ ẹbí.

Ọmọ_Òwé · 29 oṣù Kẹta

Ó ti di tiyín, mà. Ẹ jẹ́ kí n gbá a sórí bébà lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó fi ránṣẹ́.

Ará_Ìsánlú · 30 oṣù Kẹta

Èmi náà ní ìròyìn. Ètè mi ti jinná.